Ìgbàgbọ́ Nínú Ẹlẹ́dàá àti Ohun Tí Sáyẹ́ǹsì Sọ Nípa Ìpilẹ̀ṣẹ̀: Ibi Tí Wọ́n Ti Bára Mu àti Ibi Tí Ìjà Wà

Ọmọ ilé-ìwé girama tó ń múra ìdánwò WAEC sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé ohun tí Charles Darwin sọ nípa bí ẹ̀dá alààyè ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ọmọ kan náà yóò jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, tàbí níwájú aáfà ní ilé-kéú, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ pé amọ̀ ni Ọlọ́run fi mọ Ádámù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a kọ ohun tí olùyẹ̀wò fẹ́ kà, wọn a gba máàkì wọn, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lọ́kàn wọn, tí wọ́n máa ń bi ara wọn bóyá dandan ni kí ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ méjèèjì jẹ́ irọ́. Àwọn ni mo kọ àlàyé yìí fún.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòroó lóye ni pé ìbéèrè bíi mélòó kan ni a máa ń dì sínú ẹrù kan ṣoṣo. Ìbéèrè pé ta ló dá ayé yàtọ̀ sí ìbéèrè pé ọdún mélòó ni ayé ti wà, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí ìbéèrè pé irú ènìyàn wo ni Ádámù. Ẹni tó bá dáhùn ọ̀kan kò tíì dáhùn àwọn yòókù. Ní tèmi, ìbéèrè kìíní kò dá ìjà kankan sílẹ̀ láàárín ẹ̀sìn àti sáyẹ́ǹsì, ìkejì ti yanjú, ẹ̀kẹta sì ni ibi tí iṣẹ́ ṣì kù fún onígbàgbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń sọ gan-an, nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn ń bá jà lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ. Wọ́n ní ó ti tó nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 13.8 tí àgbáálá ayé àti gbogbo ìràwọ̀ ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ láti inú ipò kan tó gbóná janjan tó sì há gádígádí. Wọ́n ní ilẹ̀ ayé tí à ń tẹ̀ yìí ti wà fún nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 4.5; wọ́n sì ní gbogbo ohun alààyè, àti ènìyàn àti ẹranko àti ewéko, ló bára tan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kan náà, tí wọ́n sì yàtọ̀ síra díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Wọn kò sọ pé ọ̀bọ tó wà nínú igbó lónìí ló bí ènìyàn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwa àti ìnàkí ní baba ńlá kan náà tó ti kú láti ọdún mílíọ̀nù bíi mélòó kan sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe ní bàbá àgbà kan náà láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú wa ló bí èkejì.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Kò yẹ kí a rìn jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Àkúrẹ́, ihò àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní Ihò Eléérú. Ní 1965, àwọn awalẹ̀pìtàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú wọn wa ilẹ̀ inú ihò náà, wọ́n sì bá egungun ènìyàn kan níbẹ̀. Nínú ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti rí òkúta wẹ́wẹ́ lóríṣiríṣi tí àwọn ará ìgbàanì fọ́ tí wọ́n sì pọ́n lẹ́nu láti fi ṣe irinṣẹ́, àti èédú tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn iná. Èédú yẹn ló sọ ọjọ́ orí òkú náà. Igi tó wà láàyè máa ń fa kábọ́ọ̀nù sára láti inú afẹ́fẹ́, díẹ̀ nínú kábọ́ọ̀nù náà sì jẹ́ irú èyí tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù 14, tí kì í dúró bó ṣe wà, tó ń di nǹkan mìíràn fúnra rẹ̀. Nígbà tí igi bá kú, kò ní rí tuntun fà mọ́, èyí tó wà lára rẹ̀ yóò sì máa dín kù: láàárín nǹkan bí ọdún 5,730, ìdajì rẹ̀ á ti lọ, bí irú iye ọdún bẹ́ẹ̀ bá tún kọjá, ìdajì nínú èyí tó kù á tún lọ. Èédú Ihò Eléérú kò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kábọ́ọ̀nù 14 rẹ̀ lọ mọ́. Ìṣirò ọdún rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 11,200. Wọ́n sì ti fi òrùka inú igi, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń fi ọdún kọ̀ọ̀kan hàn, yẹ irú ìṣirò báyìí wò. Ohun tí òrùka náà sọ fún wa ni pé àwọn nǹkan tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tún dàgbà ju iye tí kábọ́ọ̀nù kọ́kọ́ fi hàn lọ.

Fún òkúta tó ti pẹ́ gan-an, kábọ́ọ̀nù 14 kò wúlò, nítorí pé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 50,000 ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Yùréníọ̀mù, irú irin kan tó máa ń wà nínú òkúta, tó ń di òjé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ọ̀nà yẹn sì ni Clair Patterson, ọmọ Amẹ́ríkà, gbà wọn òjé inú àwọn òkúta tó já bọ́ láti ojú ọ̀run, tó fi kéde ní 1956 pé ọjọ́ orí ayé jẹ́ ọdún bílíọ̀nù 4.55. Láti ìgbà náà títí di òní, iye yẹn kò tíì yẹ̀ lọ títí.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ayé kò tíì pé ọdún ẹgbẹ̀rún méje gbọ́dọ̀ wá ohun sọ nípa òkú Ihò Eléérú, ìyẹn ẹnì kan tó ti gbé ilẹ̀ yìí rí, tó ti dá iná, tó sì ti kú kí ayé irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Níhìn-ín, kò sí àdéhùn kankan tó ṣeé ṣe. Bí ìgbàgbọ́ ẹnì kan bá so mọ́ ọdún 6,000, sáyẹ́ǹsì ta kò ó, kò sì sí bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ṣùgbọ́n ibo ni ọdún 6,000 náà ti wá? Kò sí ibì kan nínú Bíbélì tí a kọ iye yẹn sí. Ìṣirò ni. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ ni ti James Ussher, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Áńgílíkà ní Armagh, ní ilẹ̀ Áílándì, ẹni tó ro ọjọ́ orí àwọn baba ńlá inú Jẹ́nẹ́sísì pọ̀ mọ́ ọdún ìjọba àwọn ọba Ísírẹ́lì àti ti àwọn ọba orílẹ̀-èdè mìíràn, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1650 pé ọdún 4004 ṣáájú ìbí Kírísítì ni Ọlọ́run dá ayé. Ọ̀mọ̀wé gidi ni Ussher, ẹ má jẹ́ kí a fi ṣẹ̀sín. Àwọn ìwé tó dára jù lọ nígbà ayé rẹ̀ ló kà. Kàlẹ́ńdà àwọn Júù ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 3761 ṣáájú ìbí Kírísítì. Bíbélì èdè Gíríìkì tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ìjímìjí lò sì kọ ọjọ́ orí tó gùn ju ti Hébérù lọ fún púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọ̀nyẹn, tó fi jẹ́ pé ayé tirẹ̀ tún fi ọdún tó lé ní ẹgbẹ̀rún dàgbà sí i. Ìṣirò tí àwọn olóòótọ́ mẹ́ta ṣe tó sì fún wa ní iye mẹ́ta kò yẹ lóhun tí a ó torí rẹ̀ lé ọmọ jáde nínú ìjọ.

Ẹ̀rí sì wà pé kì í ṣe ìbẹ̀rù sáyẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ mú àwọn onígbàgbọ́ sọ pé ọjọ́ mẹ́fà inú Jẹ́nẹ́sísì lè má jẹ́ ọjọ́ oníwákàtí mẹ́rìnlélógún. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, tó kú ní ọdún 430, ti ṣàkíyèsí pé ọjọ́ kẹrin ni ìwé náà sọ pé Ọlọ́run dá oòrùn, ó sì béèrè irú àṣálẹ́ àti òwúrọ̀ tó lè wà ṣáájú oòrùn. Ó gbà pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni Ọlọ́run dá ohun gbogbo, pé ọjọ́ mẹ́fà náà sì jẹ́ ọ̀nà láti mú kí ọ̀rọ̀ ńlá náà yé wa. Ó tún kìlọ̀ fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì pé ìtìjú ńlá ni kí aláìgbàgbọ́ tó mọ̀ nípa ojú ọ̀run àti ìràwọ̀ gbọ́ kí onígbàgbọ́ máa fi Ìwé Mímọ́ gbe ìsọkúsọ lẹ́sẹ̀. Fún àwọn Mùsùlùmí, Àlùkùránì sọ nínú Súrà 22:47 pé ọjọ́ kan lọ́dọ̀ Olúwa dà bí ẹgbẹ̀rún ọdún nínú èyí tí ẹ̀ ń kà, Súrà 70:4 sì mẹ́nu ba ọjọ́ kan tí ìwọ̀n rẹ̀ tó ọdún ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìjà lórí ọjọ́ orí ayé kò fi gbóná láàárín àwọn Mùsùlùmí bó ti gbóná láàárín àwọn Kìrìsìtẹ́nì kan ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ìwé àti fídíò wọn sì wá gba ilẹ̀ wa kan.

Ní ti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáálá ayé fúnra rẹ̀, ìtàn kan wà tí mo rò pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó mọ̀. Fádà ìjọ Àgùdà ló kọ́kọ́ gbé àbá tí à ń pè ní Big Bang lónìí kalẹ̀, ìyẹn àbá pé láti inú ipò kan tó gbóná tó sì há ni ohun gbogbo ti tàn kálẹ̀. Georges Lemaître ni orúkọ rẹ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m ni, ọdún 1894 ni wọ́n bí i. Ó jagun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n fi í joyè àlùfáà ní 1923, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge àti ní Amẹ́ríkà, ó sì padà sílé láti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Leuven. Ní 1927, ó fi ìṣirò Albert Einstein, gbajúgbajà onímọ̀ físíìsì, fúnra rẹ̀ hàn pé ojú ọ̀run kò dúró sójú kan, pé àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ń jìnnà síra wọn. Inú Einstein kò dùn sí i. Ó gbà pé ìṣirò fádà náà tọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìmọ̀ físíìsì rẹ̀ burú jáì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Edwin Hubble tẹ ohun tó rí nínú awò-awọ̀nàjíjìn rẹ̀ jáde, ó sì wá hàn pé fádà náà ló jàre. Ní 1931, Lemaître tẹ̀ síwájú, ó ní bí ohun gbogbo bá ń jìnnà síra lónìí, á jẹ́ pé ibi kan náà ni gbogbo wọn wà rí.

Àwọn tó kọ̀ ọ́ kò kọ̀ ọ́ nítorí ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run. Fred Hoyle, onímọ̀ sánmà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, tó sì gbà pé àgbáálá ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀, ló fún àbá náà ní orúkọ Big Bang nínú ètò rédíò BBC kan ní 1949. Lára ohun tí kò jẹ́ kó fẹ́ràn àbá yìí ni pé ó jọ ọ̀rọ̀ ìwàásù létí rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 1951, Póòpù Pius Kejìlá ṣe òdìkejì rẹ̀: ó bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ̀rọ̀ ní Rómù bí ẹni pé ìwádìí tuntun náà ti jẹ́rìí sí «Kí ìmọ́lẹ̀ kí ó wà» inú Jẹ́nẹ́sísì. Èèyàn á rò pé inú Lemaître yóò dùn. Kò dùn. Ó bá agbani-nímọ̀ràn Póòpù lórí sáyẹ́ǹsì sọ̀rọ̀, nígbà tí Póòpù sì tún bá àwọn onímọ̀ sánmà sọ̀rọ̀ ní 1952, kò sọ irú rẹ̀ mọ́. Lemaître ṣàlàyé ara rẹ̀ ní 1958: ó ní bí òun ti rí i sí, àbá náà kò wọ inú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá, pé ẹni tó bá fẹ́ sẹ́ Ọlọ́run ṣì lómìnira láti sẹ́ ẹ.

Mo ka ìyẹn sí ọgbọ́n ńlá, ọ̀pọ̀ oníwàásù wa ni kò sì tíì kọ́ ọ. Ẹni tó bá fi àbá sáyẹ́ǹsì ṣe òpó ilé ìgbàgbọ́ rẹ̀ lónìí yóò sá jáde nínú ilé náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún àbá náà ṣe. Isaac Newton, àgbà onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gan-an ti kó sínú rẹ̀ rí: ó rò pé bí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ṣe ń fa ara wọn yóò da ipa ọ̀nà wọn rú bí ìgbà ti ń lọ, pé ètò náà yóò nílò àtúnṣe láti ọwọ́ Ọlọ́run. Kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí Laplace, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ìṣirò hàn pé ìyàtọ̀ inú ìrìn Júpítà àti Sátọ̀n, tó jọ pé ó ń burú sí i, máa ń lọ ó sì máa ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Àlàfo tí Newton fi Ọlọ́run dí ti kún. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ irú Ọlọ́run bẹ́ẹ̀.

Báwo wá ni Ẹlẹ́dàá ṣe lè dá nǹkan tí sáyẹ́ǹsì sì lè ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe dé láìdárúkọ rẹ̀? Àwọn baba wa ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí láìṣe wàhálà. Bí wọ́n bá rí aláboyún, wọn a ní: «Kí òrìṣà ya ọnà ire kò wá o.» Ọbàtálá, tí Olódùmarè fi iṣẹ́ mímọ ara ènìyàn lé lọ́wọ́, ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó ya ojú àti imú ọmọ náà dáadáa. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí kò mọ̀ pé ọkọ àti aya ló ń lóyún. Wọn kò rí i bí ẹni pé bí ọkọ bá jẹ́ bàbá ọmọ, Ọbàtálá kò ṣe nǹkan kan mọ́. Dáfídì sọ nínú Sáàmù 139 pé Ọlọ́run ló hun òun nínú ìyá òun, Súrà 23 náà sì sọ bí Ọlọ́run ṣe ń sọ omi gbọ̀lọ̀ di ẹ̀jẹ̀ dídì, tó ń sọ ọ́ di ẹran, tó sì ń fi ẹran bo egungun. Àwọn ìyá tó gba ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbọ́ ń lọ ṣe scan ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń wo ọkàn ọmọ bó ṣe ń lù lójú ẹ̀rọ, dókítà ń ṣàlàyé bí ẹyin àti àtọ̀ ṣe di ọmọ láìdárúkọ Ọlọ́run, wọ́n sì ń jáde síta pẹ̀lú orin ọpẹ́. Bí ọmọ kan bá lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run tí ìmọ̀ ìṣègùn sì ṣàlàyé oṣù mẹ́sàn-án rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò rí ìdí tí ìran ènìyàn kò fi lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọdún mílíọ̀nù.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó bá sì ní nítorí pé òun ti rí bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀, kò sí Ẹlẹ́dàá, òun náà ti kọjá àyè rẹ̀. Ó lómìnira láti gba ìyẹn gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó fi wọ̀n ọ́n.

Ó wá ku Ádámù. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé ó rọrùn. Inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kọ̀ọ̀kan ni krómósómù 46 wà, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó gbé DNA dání, àkọsílẹ̀ tí ọmọ ń jogún lára òbí. Ti ìnàkí jẹ́ 48. Ọ̀kan nínú tiwa, èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 2, ní àmì kedere pé méjì tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí ló lẹ̀ pọ̀. Francis Collins, tó darí ètò ńlá tí wọ́n fi ka àkọsílẹ̀ DNA ènìyàn, èyí tó parí ní 2003, tó sì jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tí kì í fi bò, gbà pé ẹ̀rí ìbátan nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà nínú DNA àwa ènìyàn sì pọ̀ ju èyí tí tọkọtaya kan ṣoṣo lè ti fi sílẹ̀ fún wa ní ọdún ẹgbẹ̀rún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni àwọn baba ńlá wa jẹ́.

Ìjọ Àgùdà gbà láti 1950, nínú lẹ́tà Póòpù Pius Kejìlá, pé kò sí èèwọ̀ nínú ṣíṣe ìwádìí bóyá ara ènìyàn ti ara ẹ̀dá alààyè mìíràn wá, níwọ̀n ìgbà tí a bá gbà pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń dá ọkàn. Ní 1996 sì ni Póòpù John Paul Kejì sọ pé ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn ẹ̀kọ́ pé ẹ̀dá alààyè ń yí padà láti ìran dé ìran, ti kọjá àbá lásán. Síbẹ̀, lẹ́tà 1950 kan náà kò fọwọ́ sí i pé Ádámù jẹ́ orúkọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ọlọ́run yan tọkọtaya kan láàárín àwọn ènìyàn tó ti wà nílẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ hàn wọ́n. Wọn a ní ẹ wo Kéènì nínú Jẹ́nẹ́sísì 4, tó ń bẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni tó bá rí òun má pa òun, tó fẹ́ ìyàwó tó sì kọ́ ìlú. Àwọn mìíràn ka Ádámù sí àwòrán gbogbo wa. Láàárín àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù, àwọn kan wà tí kò bá ìyípadà ẹranko àti ewéko jà rárá, ṣùgbọ́n tí wọ́n ní Ádámù ní tirẹ̀ kò ní bàbá, kò sì ní ìyá. Nínú gbogbo rẹ̀, ti Kéènì yẹn ló wọ̀ mí létí jù, nítorí pé inú ìwé fúnra rẹ̀ ló ti jáde wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á ṣì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù nínú Róòmù 5 pé ipasẹ̀ ènìyàn kan ni ikú fi wọ ayé, nígbà tí egungun ẹranko tó ti di òkúta ń fi hàn pé wọ́n ti ń kú, wọ́n ti ń ṣàìsàn, wọ́n sì ti ń pa ara wọn jẹ fún ọdún mílíọ̀nù ṣáájú ènìyàn. Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé ikú ọmọ ènìyàn, tàbí ikú ti ẹ̀mí, ni Pọ́ọ̀lù ní lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ ìrora yìí ló sì wúwo lọ́kàn Darwin ju ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ayé lọ. Ní 1860, ó kọ lẹ́tà sí Asa Gray, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ewéko ní Harvard, ẹni tó ń gbèjà ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó sì jẹ́ ọmọ ìjọ Presbyterian. Ó ní òun kò lè gbà pé Ọlọ́run aláàánú yóò mọ̀ọ́mọ̀ dá irú agbọ́n kan tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò mìíràn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa jẹ kòkòrò náà láàyè láti inú lọ síta. Gray ti rí ẹ̀rí kan náà tí Darwin rí, ó sì gbà á, ṣùgbọ́n kò fi ìjọ sílẹ̀ títí tó fi kú ní 1888. Ó kọ àwọn àròkọ láti fi hàn pé ẹ̀kọ́ Darwin kò ta ko ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ tẹ̀ wọ́n jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé pélébé ní Ìlú Ọba ní 1861, Darwin wà lára àwọn tó san owó rẹ̀.